Mílíọ̀nù 10 náírà yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Agbẹjọ́rò. Ọmọ Ṣàgámù ni mí. Mo gba àmì-ẹ̀yẹ olórin tuntun lọ́dún yìí, ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbé orin jáde l'Ékòó bá ní àwọn fẹ́ fún mi ní mílíọ̀nù 10 náírà àti mọ́tò. Wọ́n ní kí n tọwọ́ bọ̀wé kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Kí ni kí n fi owó náà ṣe tí kò fi ní tán?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú oríire. Ṣùgbọ́n o ò tíì ní owó kankan tó lè tán. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lórí tábìlì mi n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ó sì ń bí mi nínú, torí ẹnì kan ló ń parọ́ fún ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí pé àmì-ẹ̀yẹ ló ń mówó wá. Grammy gan-an kì í fún ẹni tó bá gbà á ní kọ́bọ̀. Headies, àmì-ẹ̀yẹ orin ilẹ̀ wa, máa ń fún ẹni tó bá gba Next Rated, ìyẹn ti olórin tuntun, ní mọ́tò. Wizkid gbà á ní 2011, Davido gbà á ní 2012, àmọ́ orin tí wọ́n ń gbé jáde lẹ́yìn ìgbà náà ló ń bọ́ wọn.

Gbèsè ni wọ́n fẹ́ gbé fún ẹ. Wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí nínú ìwé wọn: recoupable. Ohun tó ń sọ ni pé wọn á gbowó wọn padà, inú ìpín tìrẹ ni wọ́n sì máa ń sábà gbà á. Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bí ìpín rẹ bá jẹ́ 20 nínú 100, orin rẹ gbọ́dọ̀ pa mílíọ̀nù 50 wọlé kí mílíọ̀nù 10 yẹn tó pé. Wọ́n á ti kó 40 sápò, ìwọ ò tíì rí náírà kan. Kí wọ́n wá ṣe fídíò mílíọ̀nù 5 lé e, ó di 75.

Bi àwọn àgbà ilé yín léèrè nípa ìwọ̀fà láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n fi dúró nítorí owó tí wọ́n yá. Gbogbo iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ló ń fi san, owó tí wọ́n yá kò dín. Ọmọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó kó ìwé ìṣirò gbèsè ọdún kan tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fún un wá bá mi nínú ọ̀rá, òun pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀. Wọ́n kọ epo jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀. Wọ́n kọ ẹ̀wù tó wọ̀ ya fọ́tò síbẹ̀. Ẹ̀wù yẹn náà ló wọ̀ wá.

Mi ò tíì rí ìwé tìrẹ o, nítorí náà má fi ọ̀rọ̀ mi yìí rọ́pò agbẹjọ́rò tó máa kà á tán, kó má sì jẹ́ agbẹjọ́rò tiwọn. Òfin Copyright ti 2022 ní ilẹ̀ wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀tọ́ orin lọ́wọ́ olórin láìsí ìwé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kán ẹ lójú pé kí o tọwọ́ bọ̀wé. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, sọ fún wọn pé o ṣì ń kà á. Ní ti mọ́tò, béèrè orúkọ ẹni tó máa wà lórí ìwé rẹ̀.