Wíwo Ẹyẹ ní Lẹ́kí Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ: Ohun Tí Ojú Mi Ti Rí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ẹbí. Ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ kó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò n'Íbàdàn ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ yìí lọ wo ẹyẹ ní ọgbà ìdáàbòbò ẹranko tí ó wà ní Lẹ́kí, lẹ́bàá òkun, láàárọ̀ lọ kí ẹ sì padà lálẹ́. Ó yẹ kí ẹ lọ. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí èmi àti ìyàwó mi ṣe ni mo rí nínú ètò yín, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fèsì.

Àwa náà gbéra ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Ọ̀nà márosẹ̀ kò dá wa dúró púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ Èkó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa, oòrùn sì ti kàtàrí kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ọgbà náà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn ẹyẹ ti jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ tán, wọ́n ti wọ abẹ́ ewé lọ, agbára káká ni ènìyàn fi ń gbọ́ ohùn wọn. Àǹkárá pupa ni gbogbo wa wọ̀. A kọ́kọ́ gun afárá orí igi, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn ń ròyìn. Afárá ń mì, àwọn ọmọ ń ké, ẹyẹ wo ni yóò dúró? Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ọ̀bọ kan já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ náà sì sunkún títí a fi dé inú ọkọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi béèrè irú ẹyẹ tí a rí lọ́wọ́ mi, n kò sì rí ọ̀kan dárúkọ. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé èmi ni mo ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ.

Oṣù Kejìlá ni a padà lọ, a sì sùn sí ilé ìbátan wa kan ní agbègbè Lẹ́kí lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Àwọn ẹyẹ tí ń sá fún òtútù ní Yúróòpù máa ń dé ọ̀dọ̀ wa láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, wọ́n sì máa ń padà ní nǹkan bí oṣù Kẹta sí Ìkẹrin. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan wà lára wọn. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn ni a wọlé, a kò sì ya ibì kankan, àfi ilé onígi kékeré tí wọ́n kọ́ sí etí irà kí ènìyàn lè máa wo ẹyẹ láìjẹ́ pé wọ́n rí i. A jókòó. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún a kò rí nǹkan kan, àwọn ọmọ sì ti ń ti ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹyẹ kan yọ láàárín òṣíbàtà, ara rẹ̀ pupa bí obì, iwájú orí rẹ̀ ní àwọ̀ ojú ọ̀run, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn débi pé orí ewé tí ó léfòó lójú omi ni ó ń rìn láìrì. Jacana ni wọ́n ń pè é. Afinimọ̀nà tí ó wà pẹ̀lú wa sọ fún àwọn ọmọ pé akọ ni ó ń sàba lé ẹyin, òun náà ni ó sì ń gbé ọmọ pamọ́ sábẹ́ ìyẹ́. Ọmọbìnrin mi yíjú sí mi, ó sì sọ ọ́ sí mi létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Bàbá wọn ni ó ń pọ̀n wọ́n." Láti ìgbà náà lọ, kò sẹ́ni tí ó tún pariwo.

Hẹ́kítà 78 péré ni ilẹ̀ náà, ilé sì ti yí i ká. Láti 1990 ni àjọ Nigerian Conservation Foundation ti dá a sílẹ̀, bí kò bá sì sí i ni, mo gbàgbọ́ pé wọn ì bá ti da yanrìn sí irà yẹn kọ́lé. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ohùn ẹyẹ inú fóònù pè wọ́n jáde, kí ẹ sì fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ìjókòó jẹ́ẹ́ ni iṣẹ́ náà gan-an, n'Íbàdàn níbí sì ni kí àwọn ọmọ ti kọ́ ọ. Ẹ kó wọn lọ sí etí omi Ẹlẹ́yẹlé ní òwúrọ̀ Sátidé méjì. Bí wọ́n bá rí lékeléke, wọn yóò fẹ́ kọrin tọrọ èékánná funfun; ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ tán kí ẹ tó ní kí wọ́n dákẹ́. Ẹ fi ẹ̀ga tí ń hun ilé hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ìbátan ẹ̀ga kan wà tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, Malimbus ibadanensis, tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1958. Ara rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ pupa, ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni ó ń gbé, igbó inú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó wà n'Íbàdàn níbí, sì wà lára ibi díẹ̀ tí ó kù fún un.

Ní ti awò awọ̀nàjíjìn, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára, ìyẹn èyí tí ó ń fa nǹkan mọ́ra ní ìlọ́po mẹ́jọ. Èyí tí ó ń fa nǹkan mọ́ra ní ìlọ́po mẹ́wàá máa ń gbọ̀n jù lọ́wọ́ ọmọdé. Aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí ti ilẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì fi afárá orí igi ṣe ìgbẹ̀yìn.

Bí ó bá jẹ́ pé oṣù Kẹjọ nìkan ni àyè yọ fún yín, ẹ lọ náà, nítorí pé jacana àti ẹ̀ga kì í lọ sí ibì kankan. Ẹ kàn má ṣèlérí àwọn ẹyẹ Yúróòpù fún àwọn ọmọ.