Bátìrì ínfátà tó ti kú: ásíìdì nìkan kọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù

ÌBÉÈRÈ: Bátìrì ínfátà mẹ́rin ló ti kú sí mi lọ́wọ́ ní Agége. Oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù tó ń ti ọmọlanke kọjá ní kí n da ásíìdì inú wọn nù kí òun tó wọ̀n wọ́n. Ọmọ àbúrò mi ní ká kúkú máa ra irú rẹ̀ jọ, ká máa yọ́ òjé (lead) inú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ṣebí wọ́n ní ká máa sọ pàǹtí di owó. Tí a bá ti da ásíìdì nù, ṣé ewu tún kù?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà kẹrin rèé lóṣù yìí tí wọ́n ń bi mí ní èyí, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá le. Ìgbà tí ẹ bá dà á nù gan-an ni ewu ń bẹ̀rẹ̀. Oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù ò rí ti ewu rò o, kò fẹ́ fowó ra omi ni.

Ásíìdì ń jó ni lára, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń sá fún un. Òjé kì í jó ni, kì í rùn. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá tilẹ̀ ń fi í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ (ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn). Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá fi àáké la bátìrì, á rí àwo pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí nǹkan dúdú bí ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́. Òjé ló wà nínú ẹrẹ̀ yẹn, májèlé sì ni. Bó bá gbẹ, ó di lúbúlúbú, afẹ́fẹ́ á gbé e sórí aṣọ tí ẹ sá, sínú ìkòkò, sórí ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lé. Ásíìdì tí ẹ dà sí gọ́tà náà ń gbé e dání lọ ni.

Yíyọ́ ló wá burú jù. Òjé ń yọ́ ní 327°C, iná èédú ká a, ni ọmọ àbúrò yín ṣe rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Ẹrẹ̀ dúdú yẹn kò ní tìtorí iná èédú di òjé gidi. Iléru tó gbóná tó nǹkan bí 1,000°C ló ń ṣe é, èyí tó ní àsẹ́ tó ń gba eruku inú èéfín. Tiyín, ẹ̀yin àti aládùúgbò ni àsẹ́ rẹ̀. Ní Thiaroye, létí Dakar ní orílẹ̀-èdè Senegal, ọmọdé 18 ló kú láàárín oṣù mélòó kan ní 2007 sí 2008. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń jọ̀ yẹ̀pẹ̀ láti ṣa òjé bátìrì inú rẹ̀ tà ni. Ara ọmọdé sì ń fa òjé ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbà.

Òótọ́ kan wà lẹ́nu ọmọ yẹn ṣá: òjé lé ní ìdajì ìwọ̀n bátìrì, wọ́n sì lè fi ṣe tuntun léraléra. Ṣùgbọ́n lódidi ni kó dé iléru. Ẹ má ṣí i. Ẹ gbé e nàró, ẹ fi téèpù bo orí irin rẹ̀ méjèèjì, kí ọwọ́ ọmọdé má tó o. Tí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ gbé e fún ẹni tó ń tà á. Ọ̀pọ̀ wọn ń yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó. Ẹ bi í níbi tó ń kó o lọ. Bó bá ń kùn, ẹ wá ẹlòmíràn. Láti 2024 ni òfin bátìrì tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ń mójú tó ti wà, àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń kó o wọlé ló sì yẹ kó ṣètò bí wọ́n ṣe máa gbà á padà.

Bí ẹ bá ti la ọ̀kan, ẹ má gbá ibẹ̀ ní gbígbẹ; àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún. Èmi kì í ṣe dókítà o. Bí ọmọ bá wà nílé, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé. Ẹ má dúró de inú rírun, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í hàn lára. Mílíìkì àti epo pupa kì í fà á jáde, ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń tàn yín ni.