Iná Ẹ́ńjìnnì Tàn, Moto Ò Fẹ́ Sáré: Ṣé Kí N Ra Throttle Body?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Toyota Corolla ni mo fi ń ṣe takisí láti Kétu sí Àjàṣẹ́. Látìgbà tí òjò ńlá kan ti rọ̀, tí mo bá tẹná, moto ò ń fẹ́ dáhùn. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà wò ó, kóòdù àléébù P2102 ló gbé wá, wọ́n ní kí n ra throttle body (ẹ̀yà tó ń ṣí ojú afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) tuntun. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì náwó yẹn o, ẹ jọ̀ọ́. P2102 ò sọ pé throttle body ti kú, ohun tó ń sọ ni pé iná tó ń lọ bá mọ́tò kékeré tó ń ṣí ojú afẹ́fẹ́ ti kéré jù, wáyà tó já lásán sì lè fà á. Ẹ pa moto, ẹ tú négátíìfù bátìrì, kẹ́ ẹ wá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì throttle body, kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu ẹ̀ dáadáa: irin tó ti hu àwọ̀ ewé tàbí tó ti sún sẹ́yìn, òun gan-an lẹ̀ ń wá, pàápàá lẹ́yìn òjò. Tí ibẹ̀ bá mọ́, ẹ yọ ti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì náà, kẹ́ ẹ fi mítà wọn wáyà mọ́tò méjèèjì láti orí dé ìdí, kò gbọdọ̀ tó 1 ohm (ohm ni ìwọ̀n ìdènà iná), kẹ́ ẹ sì máa mì ín bẹ́ ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n torí wáyà tó já nínú rọ́bà máa ń fara kanra nígbà míì (èmi ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà). Láti wáyà sí bọ́dì moto, ó gbọ́dọ̀ ju 10,000 ohm lọ. Mọ́tò fúnra ẹ̀, 0.3 sí 100 ohm ni Toyota fi sílẹ̀ fún un. Tí kò bá sí láàárín ìyẹn, ẹ lè wá ra throttle body.