Ẹnu Ọ̀nà ni Ìtọ́jú Àyíká ti Ń Bẹ̀rẹ̀, Kì Í Ṣe Orí Ààtàn

Apá méjì ni ìbéèrè yín ní. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣe nínú ilé rẹ̀ já mọ́ nǹkan kan fún àyíká nígbà tí èéfín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kò dáwọ́ dúró, ẹ sì tún fẹ́ mọ èyí tí ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mú nínú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún wa, nítorí kò sí ẹni tí apá rẹ̀ ká gbogbo rẹ̀. Apá kejì ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, torí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń bá a yí, nínú ilé tí ó kún fún àwọn ènìyàn tí ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ lógún tó bí ó ṣe jẹ mí lógún.

Ìdí garawa ìdọ̀tí ni púpọ̀ nínú wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀. A ó ra garawa mẹ́ta, a ó kọ orúkọ sí wọn lára, a ó máa ya ike sọ́tọ̀ kúrò lára bébà, inú wa á sì dùn pé a ti ṣe ojúṣe wa. Yíyà á sọ́tọ̀ dára, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é, àmọ́ ohun tí a bá ti mú wọlé ti di ẹrù sí ẹnì kan lọ́rùn kí a tó ronú ibi tí a ó jù ú sí. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé jáde ní ọdún 2017 ṣírò gbogbo ike tí ó ti di pàǹtírí láyé títí di ọdún 2015, wọ́n sì rí i pé ó tó bílíọ̀nù 6.3 tọ́ọ̀nù, nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 rẹ̀ ni wọ́n tún sọ di ohun èlò, wọ́n sun ìdá 12, ìdá 79 tó kù sì wà lórí ààtàn tàbí kí ó ti fọ́n ká sórí ilẹ̀ àti sínú omi. Àìbìkítà àwọn ènìyàn nìkan kọ́ ló fà á. Oríṣiríṣi ni ike: èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi kì í bá èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí rẹ̀ yọ́ pọ̀ dáadáa, àwọn ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele kò sì ṣeé tú palẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ ń rí nínú àmì onígun mẹ́ta lábẹ́ ìgò kò ṣe ìlérí kankan fún yín. Irú ike tí ó jẹ́ nìkan ni ó ń sọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, nọ́ńbà 1 àti 2 ni àwọn tó ń ra àlòkù máa ń wá kiri, ṣàṣà sì ni ẹni tí ó ń fẹ́ rí 6 àti 7 sójú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ṣe rí gan-an ní àdúgbò yín, ẹni tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ike àlòkù ni kí ẹ bi, ẹ má ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọ ohun tí ẹ ń jù nù sílẹ̀. Ìwé pélébé kan lẹ́bàá garawa ti tó. Nínú ilé tiwa, kì í ṣe ìgò ni ìwé náà tọ́ka sí, bí kò ṣe ọ̀rá àwọn nǹkan tí a ń rà díẹ̀díẹ̀. Ríra nǹkan lọ́pọ̀ sínú ohun tí a lè máa rọ tuntun sí ni oògùn rẹ̀, bí apá ẹni bá ká owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a lè bá aládùúgbò kan dá owó jọ rà á, kí wọ́n sì pín in. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ríra ohun tuntun lórúkọ àyíká. Àjọ ìjọba tó ń mójú tó àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìṣirò kan jáde ní ọdún 2011 tí ó fi hàn pé ènìyàn gbọ́dọ̀ lo àpò aláṣọ òwú kan ní ìgbà 131 kí ìpalára tí ó ń ṣe fún ojú ọjọ́ tó rẹlẹ̀ ju ti ọ̀rá lásán tí a lò lẹ́ẹ̀kan péré lọ. Ẹni tí ó bá fi àpò òwú jàn-ánrẹrẹ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kò tíì dáàbò bo nǹkan kan, àfi ọjà ẹni tó ń ta àpò. Ọ̀rá tí ó ti wà nílé ni kí ẹ máa mú jáde títí tí yóò fi ya.

Ohun kejì ni oúnjẹ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí pé àwọn ènìyàn kì í ka oúnjẹ mọ́ ìdọ̀tí. Ìròyìn tí ẹ̀ka tó ń rí sí àyíká ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2024 sọ pé ní ọdún 2022 nìkan, oúnjẹ tí ó tó bílíọ̀nù 1.05 tọ́ọ̀nù ni ó ṣòfò lọ́wọ́ àwọn òǹtajà, àwọn ilé oúnjẹ àti àwọn ìdílé, ìdá 60 nínú 100 rẹ̀ ló sì ti inú ilé àwọn ènìyàn bí èmi àti ẹ̀yin jáde. Bí oúnjẹ yìí bá dé orí ààtàn, tí wọ́n kó ẹrù mìíràn lé e lórí, afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọ inú rẹ̀ mọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò nílò afẹ́fẹ́ ni yóò máa jẹ ẹ́ rà, wọn yóò sì máa tú methane jáde, gáàsì kan tí ń há ooru mọ́ ayé. Láàárín 100 ọdún, ooru tí methane ń há mọ́ ayé fi nǹkan bí ìlọ́po 28 ju ti carbon dioxide, gáàsì inú èéfín, tí ìwọ̀n wọn jọ dọ́gba lọ. Lójú tèmi, ẹni tí ó ń se ìwọ̀n tí ilé rẹ̀ lè jẹ tán ti ṣe ju ẹni tí ó ń fọ ìgò ike lójoojúmọ́ lọ. Nínú fíríìjì wa, ohun tí ó ti pẹ́ jù ni a máa ń fà síwájú, ohun tuntun á lọ sẹ́yìn. Ètò kékeré yìí dín ohun tí a ń dà nù kù ju gbogbo ìwàásù mi lọ.

Èèpo àti ohun tí kò ṣeé jẹ ni a fi ń ṣe ajílẹ̀. Ìdí ajílẹ̀ yìí ni ó ti máa ń sú ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí pé ó ń rùn, eṣinṣin á bò ó, ará ilé á sì ní kí ẹ gbé e sọnù. Bí ó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ nìyẹn, afẹ́fẹ́ kò sì tó o. Bí ẹ bá da ìwọ̀n èèpo tútù kan, ẹ da ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀ lé e ní ohun gbígbẹ, bí ewé gbígbẹ, èérún pákó tàbí páálí tí a ya wẹ́wẹ́. Ẹ dá ihò sí ara ohun tí ẹ ń dà á sí, kí ẹ sì máa rò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá bu díẹ̀ nínú rẹ̀ tí ẹ fún un lọ́wọ́, ó yẹ kí ó dà bíi kànìnkànìn tí a ti fún omi rẹ̀ kúrò: kí ó tutù, ṣùgbọ́n kí omi má kán nínú rẹ̀. Ẹran, eegun àti òróró kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ torí eku.

Gbogbo ìmọ̀ yìí kò mú kí àwọn ará ilé mi lò ó. Ohun tí ó mú wọn lò ó ni pé mo gbé garawa kékeré onídèérí kan sí ìdí ibi tí wọ́n ti ń gé ewébẹ̀ gan-an, tí ó sún mọ́ ọwọ́ wọn ju garawa ìdọ̀tí lọ. N kò tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àyíká mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn bá òun ṣe é ní láti jẹ́ kí èyí tí ó dára rọrùn fún wọn ju èyí tí kò dára lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun nìkan ni yóò máa dá a ṣe pẹ̀lú ìbínú.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò gba àlàyé púpọ̀: gílóòbù LED ń fi ó kéré tán ìdá 75 nínú 100 dín iná tí gílóòbù onírin gbígbóná àtijọ́ ń jẹ kù, nítorí náà òun ni kí ẹ fi rọ́pò èyí tó bá ti jó. Èyí tí ó burú jù ni iná tí à ń dá sun ìdọ̀tí. Àdéhùn Stockholm, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 2001 lórí àwọn májèlé tí kì í tètè pòórá, dárúkọ sísun ìdọ̀tí ní gbangba mọ́ àwọn orísun májèlé bíi dioxin, tí ń bà sórí koríko, tí ẹran ń jẹ, tí ó sì ń kó jọ sínú ọ̀rá ara ẹran náà àti ti ẹni tó bá jẹ ẹ́. Bátìrì, ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti gbó àti iná gígùn onígíláàsì tó ní mercury nínú kò gbọ́dọ̀ wọ iná, wọn kò sì gbọ́dọ̀ wọ gọ́tà. Ẹ tọ́jú wọn síbi gbígbẹ títí ẹ ó fi rí ẹni tó ń gbà wọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta bátìrì ọkọ̀ máa ń gba ti àtijọ́ nítorí òjé inú rẹ̀.

Aládùúgbò wa kan máa ń sun ìdọ̀tí ní alaalẹ́. Mo bá a sọ̀rọ̀ májèlé títí, díẹ̀ ló kù kí a di ọ̀tá. Ìgbà tí mo wá bi í léèrè ohun tí ó ń mú un ṣe é ni ó sọ fún mi pé ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí kì í dé bí ó ṣe yẹ, òun kò sì ní ibi tí òun lè kó o sí tí ajá kò ní í tú u ká. Àwa ilé bíi mélòó kan dá owó jọ, a ra àgbá onídèérí, a sì háyà ẹnì kan tí yóò máa kó o lọ sí ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún un. Aládùúgbò náà kò dá iná mọ́ láti ìgbà náà.

Èyí ló mú mi dé apá kìíní ìbéèrè yín. Bí a bá ṣírò ti ilé kan ṣoṣo, bíńtín ni, n kò ní í purọ́ fún yín. Ẹ sì rántí pé ilé-iṣẹ́ epo BP ni ó gbé ohun ìṣirò kan síta ní ọdún 2004 tí ẹnikẹ́ni lè fi mọ ìwọ̀n èéfín tí ìgbé ayé tirẹ̀ ń fà. Ẹni tí ó ń wa epo ni ó ń kọ́ wa pé kí a máa yẹ garawa ara wa wò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ozone, gáàsì tí ó bo ayé lókè, tí ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Ní ọdún 1974 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Mario Molina àti Sherwood Rowland, kọ̀wé pé CFC, irú kẹ́míkà kan tí wọ́n ń lò nígbà náà nínú agolo ohun fífín àti nínú fíríìjì, lè ba ozone náà jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà dẹ́kun ríra irú agolo bẹ́ẹ̀ kí ìjọba wọn tó fi òfin de CFC nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ní ọdún 1978, ó sì di ọdún 1987 kí àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣe Àdéhùn Montreal láti dín irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ kù. Àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ṣe ní ọdún 2022 sọ pé bí a kò bá yẹ àdéhùn náà, ozone yóò padà sí bí ó ṣe wà ní ọdún 1980 ní nǹkan bí ọdún 2040 ní ibi púpọ̀ láyé, àti ní nǹkan bí ọdún 2066 lókè Antarctica, ilẹ̀ oníyìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Àwọn tí ó kọ agolo sílẹ̀ kò lè dá a dúró fúnra wọn, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún aṣòfin láti ṣe òfin tí àwọn ènìyàn ti ń pa mọ́ kí ó tó dé.

Ọ̀nà tí mo ń gbà lo ilé wa nìyẹn. Nígbà tí àwa aládùúgbò tún lọ bá àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí, lẹ́yìn tí ẹ̀hónú wa ìṣáájú kò rí èsì, ìwé pélébé wọ̀nyẹn ni a kó dání láti ilé bíi mélòó kan: ohun tí a ń jù nù, bí èyí tí ó ń jẹrà nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó, àti àwọn ọjọ́ tí ọkọ̀ kò wá. Wọ́n jókòó, wọ́n sì ń bi wá ní ìbéèrè. Ọkọ̀ ń wá déédéé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ báyìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì gbà láti máa kó bátìrì lọ́tọ̀, a ṣì wà lẹ́nu ìyẹn. Bí ẹ bá ń lọ bá àwọn aláṣẹ tiyín, ẹ kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ dání, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn láti ṣe láàárín oṣù kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó gbọ́ yín àti ọjọ́ tí ẹ lọ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.