Ẹ fi orúkọ ìlú wá bàbá tó kú sí Bọ́mà

Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston, ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè rí àkọsílẹ̀ bàbá àgbà yín tó bá ogun Hitler lọ sí Bọ́mà tí kò padà, kí ẹbí lè ṣe ìrántí wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà tèmi náà lọ, a ò rí i mọ́.

Ọ́fíìsì kan nílé ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Lónìí, ọ̀gá kò sí níjòókòó. Lọ́la, ẹ lọ gba ìwé ìbúra wá ní kóòtù. Àbúrò mi ń wọ mọ́tò lọ, ó ń wọ mọ́tò bọ̀, wọn ò tilẹ̀ ṣí fáìlì kankan. Inú ń bí mi títí dòní.

Ọ̀dọ̀ Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn sójà tó kú sógun, ni kí ẹ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń mú kí èèyàn fowó ṣòfò. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ológun ayé ìgbà náà kò kọ orúkọ bàbá ẹni, orúkọ ìlú ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé e. Làmídì ọmọ Adéyẹmọ lè di Lamidi Ibadan, tàbí Lamidu. Ẹni tó ń wá Adéyẹmọ kò ní rí nǹkan kan, ni yóò bá kówó fún àwọn tó ní àwọn mọ ọ̀nà. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀! Ẹ fi ìlú wá wọn, ẹ fi abúlé wá wọn, ẹ kọ orúkọ náà lóríṣiríṣi, kí ẹ sì yan Nigeria Regiment, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà ayé òyìnbó. Ẹ bi àwọn àgbà nílé nípa orúkọ tí wọ́n fi wọṣẹ́ sójà. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà sójà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA nínú ìwé àtijọ́ kan, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀.

Àwọn tí a kò mọ sàréè wọn, ara Rangoon Memorial, àwọn òpó ìrántí kan, ni orúkọ wọn wà, nínú itẹ́ òkú Taukkyan ní Myanmar, ìyẹn Bọ́mà ayé ìgbà náà. Orúkọ ibẹ̀ sún mọ́ 27,000, tiwa pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó kú láàárín ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1939 sí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1947 nìkan ni àjọ náà kọ o. Ẹni tó padà wálé kó tó kú lẹ́yìn ìgbà náà kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ kọ, ẹ fi ẹ̀rí ránṣẹ́, wọ́n máa ń tún un ṣe.

Ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ẹ kọ ìlú tí wọ́n ti wọṣẹ́ síbí, ká jọ wá a kí ọjọ́ ìrántí àwọn ológun ní oṣù kìíní tó dé.