Orí Mi Máa Ń Ṣófo Bí Mo Bá Fẹ́ Ya Bátànì Tuntun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta. Àwọn oníbàárà mi ti ń sọ pé aṣọ mi ti ọdún yìí kò yàtọ̀ sí ti èṣí, bẹ́ẹ̀ bí mo bá jókòó láti ronú bátànì tuntun, ṣe ni orí mi máa ń ṣófo. Kí ni mo lè máa ṣe lójoojúmọ́ tí kò ní dá iṣẹ́ mi dúró?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, ìyá aládìrẹ. Kò sí ohun tí ó ṣe orí yín. Ohun tí mo fura sí ni pé ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lo èrò ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a, bí ẹni tí ó ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná kí ó tó rán ọmọ lọ ra ata.

Ẹ wo Ìbàdàndùn, bátànì àdìrẹ tí ẹ̀yin náà mọ̀ dáadáa. Opó Gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni wọ́n yà sínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi ṣíbí sí àárín àwọn opó náà. Gbogbo ìlú ni ó ń wo gbọ̀ngàn yẹn lórí òkè, kò sì sí ilé ìdáná tí kò ní ṣíbí. Kíkó tí ẹnìkan kó méjèèjì pọ̀ ni ó di ọ̀tun. Ẹni náà ti ní láti máa wo nǹkan kí ó tó jókòó ti aṣọ.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan tí kò ní ìlà. Lójoojúmọ́, nígbà tí ẹ bá ń dúró kí ẹ̀kọ láfún tí ẹ fi ń ya aṣọ tutù, ẹ ya ohun kan ṣoṣo tí ẹ rí lọ́nà lọ́jọ́ náà sínú rẹ̀: ipa táyà nínú ẹrẹ̀, bí wọ́n ṣe to tòmátì sórí àtẹ, irin ẹnu géètì. Kò pọn dandan kí ó lẹ́wà. Mo ní kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀kọ nítorí pé ìwé tèmi ti di ìgbàgbé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó so ó mọ́ àkókò tí omi tíì mi bá ń hó láàárọ̀. Ẹ má sì fi àwòrán orí fóònù rọ́pò rẹ̀, torí ohun tí ẹ rí níbẹ̀ ni àwọn aládìrẹ yòókù náà ń rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ dijú ṣí ojú ewé méjì, kí ẹ sì ya àwòrán kéékèèké mẹ́wàá tí yóò so nǹkan méjèèjì pọ̀, láìpa ìkankan rẹ́. Mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò jọ ohun tí ọwọ́ yín ti mọ́; lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáko, ìṣáko yẹn gan-an ni a sì ń wá.

Bí ó bá sú yín, ẹ dìde kí ẹ rìn. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà rí i pé èrò máa ń pọ̀ sí i lọ́kàn ẹni tí ó ń rìn ju ẹni tí ó jókòó lọ, kódà bí ó bá ń rìn lójú kan lórí ẹ̀rọ tí ó kọjú sí ògiri òfìfo. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò tí ó ní ìdáhùn kan ṣoṣo, àwọn tí ń rìn kò ṣe dáadáa tó àwọn tí ó jókòó. Nítorí èyí, ẹ jẹ́ kí ṣíṣà nínú àwòrán mẹ́wàá náà di ọjọ́ kejì, lórí ìjókòó.

Èyí tí ẹ bá ṣà, ẹ yà á sórí ìrépé aṣọ kí ẹ sì rì í sínú aró tí ó bá ṣẹ́kù, torí bátànì tí ó mọ́ kedere lórí ìwé lè dàrú pátápátá nígbà tí aró bá wọ̀ ọ́.