Wọ́n Ní Àyè Ò Sí Mọ́, Yàrá Wo Gan-an Ló Kún?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Látìgbà tí Microsoft ti ní àwọn ò ní tọ́jú Windows 10 mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọ̀rọ̀ update ló gba ojú ewé yìí kan, ibì kan náà lọ̀pọ̀ èèyàn sì há sí: ẹ̀rọ ní kò sí àyè. Mo ṣa mẹ́rin nínú lẹ́tà yín torí wọ́n jọra gan-an téèyàn bá kà wọ́n, àmọ́ ohun tó ń ṣe wọ́n ò jọra rárá.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì ni mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí. 128GB ni láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣiṣẹ́, mo fẹ́ gbé e bọ́ sí Windows 11, ó dé ìdajì ó ní àyè ò tó, ó wá kọ 0x80070070. Mo ti kó gbogbo nǹkan tó wà nínú D dànù, mo tún dílíìtì fọ́tò ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló ṣì ń sọ. Mo ra fíláàṣì 64GB mo kì í bọ̀ ọ́, kò yí nǹkan kan padà. Ṣé kí n kúkú ra láptọ́ọ̀pù míì ni? – Ìyá Ìbejì, Ọjà Ọba

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá mà. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Fọ́tò yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, ibẹ̀ ni mo sì ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sínú Recycle Bin báyìí báyìí, torí nǹkan téèyàn bá dílíìtì lórí Windows, ibẹ̀ ló sábà máa ń lọ jókòó sí, tẹ́ ẹ bá rí wọn níbẹ̀ ẹ tẹ ọ̀tún máòsì, ẹ mú Restore, wọ́n á padà síbi tí wọ́n wà. Ẹ tún wá rí nǹkan kan: gbogbo ìgbà tí fọ́tò yẹn fi wà nínú Recycle Bin, àyè tó ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń gbà, ẹ fi wọ́n rúbọ lásán ni. Tẹ́ ẹ bá wá ti tú Recycle Bin náà dànù, ẹ bi àwọn ẹbí àtọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó máa ṣòro kẹ́ ẹ má rí ẹnì kan tó ṣì ní in lọ́wọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí àyè. 0x80070070 yẹn, ẹ wo 70 tó wà nídìí ẹ̀, 16 ni kọ̀ǹpútà fi ń kà níbẹ̀ dípò 10, 7 lọ́nà 16 sì jẹ́ 112, nínú ìwé àṣìṣe Windows sì rèé, ohun tí 112 túmọ̀ sí ò ju pé dísìkì ti kún lọ. Kò sọ pé ẹ̀rọ yín bàjẹ́, kò sì sọ pé ó ti gbó. Àmọ́ dísìkì wo? Ẹ máa wo inú láptọ́ọ̀pù bí ilé tó ní yàrá mélòó kan. C ni yàrá tí Windows ń gbé, D yàrá míì ni. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹrù inú D síta tó fi mọ́ kanlẹ̀, ẹni tó ń sùn nínú C ò ní torí ìyẹn rí ibi na ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe ò fi ran update lọ́wọ́. Ẹ ṣí This PC kẹ́ ẹ wo iye tó kù lórí C nìkan. (Tẹ́ ẹ bá pa C pọ̀ mọ́ D tí kò pé 128, tó jẹ́ bíi 119 lẹ rí, wọn ò rẹ́ yín jẹ o, ẹni tó ṣe dísìkì ń fi 1,000 kà, Windows ń fi 1,024 kà, òun ló fà á.)

Ẹ lè ní kí ló dé tí update tí kò ju 4GB tàbí 5GB lọ fi ń béèrè àyè rẹpẹtẹ. Wọ́n ká a pọ̀ ni kó tó wọlé sí yín, tó bá dé ó máa tú ara ẹ̀ sílẹ̀, á kọ Windows tuntun sílẹ̀, á tún gbé ti àtijọ́ pamọ́ sínú fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old fún ọjọ́ 10, kó lè jẹ́ pé tí tuntun bá ṣe ségesège ẹ ṣì lè padà sẹ́yìn. Fún àkókò díẹ̀ Windows méjì ló máa wà nínú C yẹn. Èmi kì í fọkàn balẹ̀ àfi tí C bá ní bíi 30GB tó ṣófo.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i nìyí: ẹ lọ sí Settings, ẹ mú System, ẹ mú Storage, ẹ wá tẹ Temporary files. Á ro díẹ̀ kó tó mú àkọsílẹ̀ jáde, ẹ ṣe sùúrù fún un. Ẹ máa rí Windows Update Cleanup, ẹ máa rí Delivery Optimization Files, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ tún rí Temporary Windows installation files, ìyẹn gan-an ni pàǹtí tí gbogbo update tó kùnà fi sílẹ̀, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ gbìyànjú tí kò parí ló ń da nǹkan sílẹ̀ tó ń lọ. Ẹ fi àmì sí gbogbo wọn, kò ní pa yín lára. Tó bá jẹ́ pé Previous Windows installation(s) wà níbẹ̀, tí Windows tẹ́ ẹ ń lò báyìí sì ń ṣe dáadáa, ẹ fi àmì sí i, ó máa ń lé ní 10GB lọ́pọ̀ ìgbà. ṢÙGBỌ́N, ẹ jọ̀ọ́ mà, Downloads náà máa ń wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Ẹ má fi àmì sí i! Nínú ṣọ́ọ̀bù bíi tiyín ibẹ̀ ni ìwé kọ́sítọ́mà máa ń wọlé sí, èsì WAEC ẹlòmíì, fọ́ọ̀mù JAMB ẹlòmíì, ẹ ṣí fódà yẹn fúnra yín kẹ́ ẹ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tẹ́ ẹ bá ṣì nílò ẹ gbé e lọ sínú D tó ti ṣófo sílẹ̀ báyìí.

Tí kò bá ṣì tó, fáìlì ńlá kan wà tó ń jẹ́ hiberfil.sys, lórí láptọ́ọ̀pù tí RAM ẹ̀ (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) jẹ́ 8GB ó lè gba 3GB àti díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator kẹ́ ẹ tẹ powercfg /h off, á pòórá. Àwọn kan máa ń sọ pé kéèyàn pa á kó má tan án mọ́ láéláé, èmi ò fara mọ́ ọn, torí fáìlì yẹn ló ń tọ́jú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí bátìrì bá fẹ́ kú, ibi tí wọ́n sì ti ń múná lọ láìsọ tẹ́lẹ̀ kọ́ ló yẹ kéèyàn ti máa fi ìyẹn ṣeré. Ẹ pa á, ẹ ṣe update, tó bá ti parí ẹ tẹ powercfg /h on.

Fíláàṣì tẹ́ ẹ rà ò ṣòfò. Kẹ́ ẹ kàn kì í bọ̀ ọ́ nìkan ni kò tó, ìgbà tí Windows bá ní àyè ò tó lójú ewé update yẹn, ẹ wá Fix issues níbẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa fi fíláàṣì náà hàn án, ó ní láti ní 10GB ó kéré tán tó ṣófo, ẹ má sì yọ ọ́ títí gbogbo ẹ̀ á fi parí. Ẹ sáà kọ́kọ́ kó fáìlì bíi 20GB sí i kẹ́ ẹ ṣí wọn wò bóyá wọ́n pé, torí àwọn ayédèrú fíláàṣì wà tí wọ́n kọ 64 sí lára tí inú ẹ̀ ò tó 8.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. FUTA ni mo wà, North Gate ni mò ń gbé. Ubuntu ni mò ń lò dípò Windows, ó lé ní 40GB tó ṣófo lórí láptọ́ọ̀pù mi, síbẹ̀ tí mo bá ní kó ṣe update á ní kò sí àyè lórí /boot. Mo ti fẹ́ wọ inú /boot lọ fi ọwọ́ pa nǹkan ibẹ̀ rẹ́. – Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Àbúrò, dúró ná, má fi ọwọ́ pa nǹkan kan níbẹ̀! Ọ̀rọ̀ yàrá náà ni, /boot ni yàrá tí Ubuntu ń kó ohun tó fi ń tàn sí. Ṣí Terminal, tẹ df -h, wàá rí i pé /boot dá dúró ní tiẹ̀, kò sì tóbi, ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé ìgbà tó o ń fi Ubuntu sí i lo ní kó fi kọ́kọ́rọ́ ti gbogbo dísìkì. 40GB tó o rí yẹn, òde ẹ̀ ló wà. Ohun tó kún inú ẹ̀ ni kernel àtijọ́ (kernel ni ọkàn Ubuntu, òun ló ń darí ẹ̀rọ), gbogbo update kernel tó bá wọlé ló ń gbé tuntun síbẹ̀, tí wọn ò bá sì kó ti tẹ́lẹ̀ kúrò wọ́n á máa tò lé ara wọn.

Kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ tàn kó lè bọ́ sórí kernel tó tuntun jù, tẹ uname -r kó o mọ èyí tó ò ń lò, kó o wá tẹ sudo apt autoremove --purge. Lọ́pọ̀ ìgbà ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń parí sí. Tó bá kọ̀, dpkg --list 'linux-image*' á fi gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ hàn ẹ́, máa fi sudo apt purge yọ èyí tó ti pẹ́ jù lọ́kọ̀ọ̀kan, má fọwọ́ kan èyí tí uname dárúkọ, sì fi ọ̀kan míì sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ kó o lè ní ibi ìsádi tí tuntun bá kọ̀ tí kò tàn. Ìdí tí mo fi ní kó o má fi ọwọ́ pa wọ́n (ìyẹn rm) ni pé apt, tó ń fi ètò sórí ẹ̀rọ tó sì ń yọ wọ́n, ò ní mọ̀ pé wọ́n ti lọ, á ṣì máa kà wọ́n mọ́ ohun tó wà nílé, ìgbà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lé wọn lórí ló máa wá dà rú mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Ọ̀kan tún wà tó ń da àwọn tó ń kọ́ kóòdù láàmú: ẹ̀rọ á ní No space left on device (kò sí àyè mọ́), df -h á sì ní àyè wà. Tẹ df -i. Gbogbo fáìlì ló ní inode tiẹ̀, ìyẹn ìlà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé dísìkì, bó ti wù kó kéré mọ, tí inode bá ti tán, àyè tó kù ò wúlò mọ́. Wá fódà tí fáìlì kéékèèké pọ̀ sí jù.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ìlú Oǹdó ni mò ń gbé. Kọ̀ǹpútà mi ní 90GB tó ṣófo lórí C, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò lè ṣe update sí System Reserved partition. Mo gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, ó ní àfi kóun fọ́máàtì ẹ̀. – Bàbá Olùkọ́

Ìdáhùn: Ẹ kú ìsinmi sà, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó dá ọwọ́ dúró. Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ fọ́máàtì yìí, torí pé àìsàn gbogbo ni wọ́n ń fi wò, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ló sì ń pàdánù ìwé àti fọ́tò ọlọ́pọ̀ ọdún, ẹni tó fọ́máàtì ẹ̀ ò pàdánù nǹkan kan.

Yàrá kékeré kan fara pamọ́ nínú kọ̀ǹpútà yín tí kì í hàn nínú This PC, ohun tí Windows fi ń tàn ló wà níbẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò ju 100MB lọ. Òun ló kún, 90GB tó wà lórí C ò sì kàn án. Nígbà míì ètò tó ń lé kòkòrò kọ̀ǹpútà ló ń kọ nǹkan síbẹ̀ títí á fi kún. Tẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀tún máòsì lórí Start tẹ́ ẹ mú Disk Management, ẹ máa rí gbogbo yàrá tó wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan nirú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, update kan tí Microsoft gbé jáde fún Windows 10, KB5034441, kọ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ, 0x80070643 ló ń kọ, ohun tó sì fà á ni pé yàrá tí wọ́n ń tọ́jú irinṣẹ́ àtúnṣe sí ò ní 250MB tó ṣófo. Àwọn tó ní ọgọ́rùn-ún GB lórí C náà wà nínú wọn.

Iṣẹ́ tó wà ńlẹ̀ yìí, mi ò ní ní kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é, torí ẹni tó bá ṣi ọwọ́ gbé níbẹ̀, kọ̀ǹpútà lè má tàn mọ́. Àmọ́ ẹ sọ fún ẹni tó ń tún un ṣe pé Microsoft fúnra wọn gbà kí wọ́n ṣí yàrá yẹn, kí wọ́n yọ fódà Fonts tó wà nínú Boot kúrò, lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn ni, ìyẹn sì sábà máa ń tó. Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun kó da gbogbo ìwé yín sórí dísìkì ìta lójú yín, kẹ́ ẹ sì ṣí méjì mẹ́ta wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ gbé e lọ fún ẹlòmíì.

Ìbéèrè: Mò ń ta aṣọ ní Ìsìnkàn. Fóònù Android mi, 32GB, ní kò sí àyè fún update, mo ti ra mẹ́mọ́rì káàdì, pàbó ló já sí. – Àǹtí Aláṣọ

Ìdáhùn: Àǹtí mi, inú fóònù gan-an ni update ń wọ̀, kò mọ káàdì yẹn rárá. Fọ́tò àti fídíò lẹ máa fi káàdì kó, kí inú fóònù lè fúyẹ́. Ẹ wá wọ WhatsApp, ẹ mú Settings, Storage and data, Manage storage, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ Forwarded many times sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, fídíò tí gbogbo ayé ń fi ránṣẹ́ síra wọn ló kún ibẹ̀, ti ẹnikẹ́ni kọ́. Ẹ má fọwọ́ kan fọ́tò aṣọ tẹ́ ẹ fi ń tajà. Lẹ́yìn náà ẹ padà sí Storage and data, ẹ wo ìlà tí wọ́n ti kọ Media auto-download, ẹ pa ti fídíò, torí tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí oṣù tó parí á tún ti kún.